Táyà Tó Rán Ilẹ̀ Bí Aṣọ

Màdáámù Kílófàá ti kúnlẹ̀ sórí títì pápá eré ọkọ̀ náà kí Kọ́púrù tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ rìn la odò kọjá.

"Ọ̀gá mi, ẹ dìde níbẹ̀ jọ̀ọ́, ọ̀dà á ba aṣọ yín jẹ́."

"Aṣọ mi kọ́ ni wọ́n ní kóo wá ṣọ́. Bẹ̀rẹ̀, kóo wo nǹkan."

Kọ́púrù bẹ̀rẹ̀. Níwájú wọn, níbi tí ọ̀nà gbọọrọ ti parí tí kọ́nà ti bẹ̀rẹ̀, àmì táyà dúdú wà nílẹ̀, ó lọ títí dé ìdí ògiri tí wọ́n fi táyà àlòkù tò. Ara ògiri yìí ni ọkọ̀ eré kan lọ sọ orí mọ́ láàárọ̀ àná. Ṣùgbọ́n àmì náà kò fà lọ gbọọrọ. Ó kan ilẹ̀, ó fò, ó tún kan ilẹ̀, ó tún fò, bí ìgbà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ bá ń fọwọ́ rán etí aṣọ.

"Táyà ni," Kọ́púrù wí. "Kí ló tún kù níbẹ̀?"

"Bí bíréèkì ọkọ̀ bá já, irú àmì wo ni táyà rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀?"

Kọ́púrù họ orí. "Kò ní fi àmì kankan sílẹ̀. Ṣe ló máa lọ fìì bẹ́ẹ̀."

"Bí bíréèkì bá wá mú un le ńkọ́?"

"Á fa ilà dúdú kan gbọọrọ."

"Eléyìí ò fa ilà, kò sì lọ fìì. Ṣe ló ń fò. Kí ló fà á?"

Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá jí adìẹ, bí ilé bá jó, bí ọkọ bá sá fún ìyàwó, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Kí ló fà á?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ti purọ́ fún un rí kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní tiwọn.

"Ọ̀gá mi, ẹjọ́ yìí ti jinná," Kọ́púrù wí, ohùn rẹ̀ fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin tó wa ọkọ̀ náà ló tú bíréèkì rẹ̀. Bàbá wọn gan-an ló wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. A rí òróró bíréèkì nílẹ̀ ọgbà wọn. Ọmọkùnrin náà kò sọ pé òun kọ́, kò sọ pé òun ni. Ọ̀gá Pátápátá ní bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, kí n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó gbìyànjú láti pa àbúrò ara rẹ̀! Wọn ò ní dá a sílẹ̀ láéláé."

"Àbúrò náà ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ti lajú. Ẹsẹ̀ ló kán, àti egungun ìhà."

Màdáámù dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó wo ojú oòrùn. Kò tíì ga, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ ga.

"Jẹ́ ká lọ kí bàbá tó ń fẹjọ́ ọmọ sùn," ó wí.

*

Bàbá Tẹ̀lé-mi ni gbogbo àwọn onímọ́tò eré ń pe bàbá náà. Nígbà èwe rẹ̀, òun náà sáré ọkọ̀, ó sì kọ TẸ̀LÉ MI gàdàgbà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kí àwọn tó bá já sílẹ̀ lẹ́yìn lè rí nǹkan kà. Fọ́tò rẹ̀ kan wà lára ògiri ọgbà mẹkáníìkì náà: ọkọ̀ méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi ìlà funfun, níwájú wọn ni ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ tààrà títí ojú kò fi tó o mọ́.

Bàbá kúkúrú ni, ó sanra, ó jókòó sórí àga tí wọ́n tú lára ọkọ̀ kan. Apá kan awò ojú rẹ̀ ti kán rí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dì í, wọ́n lọ́ ọ pọ̀ fínnífínní bí irun dídì, wọ́n sì ká orí wáyà náà wọnú kó má baà gún etí.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀. A kú ewu ọmọ. Ẹni tó bá yín di awò yìí mọṣẹ́ o."

"Ta ló máa bá mi dì í? Èmi fúnra mi ni. Ẹ jókòó, Màdáámù. Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, gíríìsì wà níbẹ̀."

"Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ náà kẹ́yìn?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Òun náà ni. Òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Òróró bíréèkì tó dà sílẹ̀ nìyẹn, kò tíì gbẹ." Ó nawọ́ sí àbàwọ́n kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lórí kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin fúnra yín kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́?"

"Pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí? Bí mo bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lónìí, ẹ̀yin lẹ máa wá fà mí yọ."

Kọ́púrù rẹ́rìn-ín. Màdáámù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo inú kòtò náà. Iná kan ṣì so rọ̀ níbẹ̀, àpótí ìjókòó kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ipasẹ̀ bàtà wà lórí rẹ̀.

"Kí ló máa mú un ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí àbúrò rẹ̀?"

"Ìlara!" Bàbá náà fò dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dá a padà sórí àga. "Òun ló fẹ́ wa ọkọ̀ yẹn. Èmi ni mo ní Àṣá ni yóò wà á. Ọmọ yẹn láyà, ojú rẹ̀ mú, òun la ṣe ń pè é ní Àṣá. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń fajú ro. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìjàm̀bá yìí, wọ́n ń jà nínú ọgbà yìí. Mo wà ní yàrá, mo gbọ́ tó ń pariwo pé, 'O máa rí i ní kọ́nà!' Màdáámù, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ mi sì rí i ní kọ́nà."

Ó yọ awò rẹ̀, ó nu ojú, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ọwọ́ tó bá ba ọkọ̀ yẹn jẹ́, kí wọ́n fi ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i. Mi ò béèrè ọmọ ta ni."

"Ẹlòmíràn kò wá síbí láàárọ̀ àná?"

Bàbá náà ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́. "Ẹlẹ́rìn-ín wá. Ọmọkùnrin tí òun àti Àṣá jọ ń díje. Mo rí i lẹ́nu géètì, ó fi nǹkan pamọ́ sínú ẹ̀wù. Mi ò rí i nígbà tó lọ."

Nígbà tí wọ́n jáde, Kọ́púrù rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ rí i bí, Ọ̀gá mi?"

"Mo rí i."

"Òróró bíréèkì náà, àbí?"

"Àpótí," Màdáámù dá a lóhùn, ó sì wọ mọ́tò.

*

Ẹlẹ́rìn-ín ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá a. Bó ṣe rí ọlọ́pàá, ẹ̀rín dúró sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò dé ojú rẹ̀.

"Mi ò dé ọgbà wọn láàárọ̀ àná rárá."

"Bàbá Tẹ̀lé-mi rí ọ lẹ́nu géètì."

"Àà. Géètì. Mo dé géètì."

"Kí lo fi pamọ́ sínú ẹ̀wù?"

Omi ń ṣàn nínú rọ́bà tó mú lọ́wọ́, ó ń rin ín ní bàtà, kò sì mọ̀. Kọ́púrù ti ń fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nídìí rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń yá gágá.

"Sípánà ni, àbí ẹ̀mú?" Kọ́púrù bi í.

"Ìbọ̀wọ́ ni!" Ọmọkùnrin náà sáré wọlé, ó mú nǹkan jáde nínú ọ̀rá. Ìbọ̀wọ́ awakọ̀ ni lóòótọ́, tuntun, aláwọ̀ búlúù, kékeré, kò lè wọ ọwọ́ ọkùnrin. "Mo fẹ́ fún Àṣá ni. Mo dé ẹnu géètì, àyà mi já. Mo yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá rẹ̀."

Kọ́púrù yíjú sẹ́yìn kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. "Ẹni tó ń sáré bí ìjì, ẹnu géètì ló ti dúró!"

"Wọ́n ní òun kan náà lo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìlà tí ọkọ̀ ti ń gbéra," Màdáámù wí.

"Eré ni, Mà. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í tètè gbéra. Bí wọ́n bá ti ju àsíá, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ á máa yí lásán, èéfín á sọ, èmi á sì ti lọ. Mo máa ń juwọ́ sí i láti iwájú ni." Ó kẹ́dùn. "Ṣùgbọ́n àná, Mà, mi ò mọ ohun tó ṣe sí i. Àwa méjèèjì la jọ gbéra. Táyà rẹ̀ kò yí lásán rárá. Ṣe ló jẹ ilẹ̀ tí ó sì fò síwájú. Èmi ni mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìlà dé ìdí kọ́nà. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i. Ó wá tẹ bíréèkì…"

Ó dá ìbọ̀wọ́ náà padà sínú ọ̀rá.

Nínú mọ́tò, Kọ́púrù ní, "Ẹlẹ́rìn-ín ti yọ. Ó ku ọmọkùnrin inú àtìmọ́lé náà ṣáá."

"Gbọ́," Màdáámù wí. "Àná, ọkọ̀ yẹn gbéra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sì lè dúró bíi ti àtẹ̀yìnwá. Oríire níbi ìlà, òfò ní kọ́nà, láàárọ̀ kan náà. Ṣé nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ sí i, àbí ọ̀kan?"

"Méjì."

"Ẹnì kan tún un ṣe, ẹlòmíràn bà á jẹ́, nínú ọgbà kan náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán? Wọn ò pàdé ara wọn lábẹ́ ọkọ̀?"

Oòrùn ti ń sún mọ́ àárín ọ̀run.

*

Ọmọkùnrin náà ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ó ní láti tẹrí ba kí ó tó lè gba ẹnu ọ̀nà àtìmọ́lé jáde sí yàrá ìbéèrè. Ó jókòó, ó ki ọwọ́ sáàárín orúnkún, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Àṣá," Màdáámù pè é. "Mi ò wá bi ọ́ bóyá o ṣe é. Ìbéèrè mẹkáníìkì ni mo gbé wá. Kí ni ohun kan ṣoṣo lábẹ́ ọkọ̀ tó lè mú kí táyà ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ọkọ̀ bá ń gbéra, tí ohun kan náà sì lè mú kó máa fò bí wọ́n bá tẹ bíréèkì?"

Ọmọkùnrin náà gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó fò?"

"Ó rán ilẹ̀ bí aṣọ."

"Háà!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Mo sọ fún un. Mo sọ fún un!"

"Kí lo sọ? Fi yé mi. Oòrùn ò dúró dè wá."

Ó na apá ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì di ọwọ́ náà ní ìkúùkù.

"Ẹ ka ìkúùkù mi yìí sí ásù ẹ̀yìn, Mà, ibi tí táyà méjèèjì so mọ́. Apá mi ni irin gígùn kan tó dè mọ́ ásù náà gírígírí, tó sì na ara rẹ̀ síwájú, tó lọ dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀ níhìn-ín, níbi ìgbọ̀nwọ́. Àwọn oníwèé ń pè é ní tọ́ọ̀kì-áàmù. Apá gígùn làwa ń pè é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí táyà, ásù fúnra rẹ̀ náà á fẹ́ yí. Imú rẹ̀ á fẹ́ yọ sókè. Apá gígùn yìí ni kì í jẹ́ kó yí. Ó máa ti abẹ́ ọkọ̀ sókè níwájú, agbára kan náà á sì tẹ táyà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn."

"Táyà á wá jẹ ilẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí apá náà bá sì kúrú, agbára tó fi ń tì í á le sí i. Táyà á jẹ ilẹ̀ ṣinṣin, ọkọ̀ á fò síwájú bí ẹni tí wọ́n ta ní nǹkan." Ó yí ìkúùkù rẹ̀ dà, ó kọ imú rẹ̀ sísàlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ tẹ bíréèkì wò. Gbogbo rẹ̀ á yí padà. Ásù á fẹ́ dojú bolẹ̀, apá náà á fa ọkọ̀ wálẹ̀, á sì máa gbé táyà kúrò nílẹ̀. Sípíríìngì á tún ti táyà padà. Ó fò, ó balẹ̀, ó fò. Bí apá bá gùn, ìyẹn ò tó nǹkan. Bó bá kúrú, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á rí i. Ẹni tí kì í tẹ bíréèkì gidi nìkan ni kò ní mọ̀ ọ́n láyé."

Màdáámù jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn wọ ibì kan nínú rẹ̀, ó fi pamọ́ síbẹ̀.

"Ihò méjì ni mo ṣe síbi tí mo ti dè é níwájú," ọmọkùnrin náà ń bá a lọ. "Bóòtù tèmi wà nínú ihò iwájú, ibi tí apá náà ti gùn. Àṣá ní kí n sún un sí ti ẹ̀yìn, kí Ẹlẹ́rìn-ín yé fi òun ṣẹlẹ́yà. Mo kọ̀. A jà sí i. Mo ní bí mo bá ṣe ohun tí ò ń wí, o máa rí i ní kọ́nà."

"Ìdí nìyẹn tóo fi dákẹ́," Màdáámù wí pẹ̀lẹ́. "O rò pé Àṣá yọ́ lọ sún un fúnra rẹ̀."

Omi lé sójú ọmọkùnrin náà. "Bí wọ́n bá mọ̀ pé òun ló tú ọkọ̀ ara rẹ̀, wọn ò ní gbà á láyè kó sáré mọ́ títí ayé. Ẹ kúkú gbé mi lọ, Mà. Èmi ò ní ohun tí mo fẹ́ wà."

"O fẹ́ wa ọkọ̀ yẹn, Bàbá sọ fún mi."

"Nígbà kan ni. Kí n tó rí bó ṣe ń wà á."

*

Kí ó tó wọ abẹ́ ọkọ̀ tó fọ́ náà, ní ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá, Màdáámù pe ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kọ̀, ó wá gbé fóònù sétí Àṣá. Ohùn ọmọbìnrin náà kéré.

"Bíréèkì mú, Mà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń fò bí ẹṣin. Wọ́n ní ẹ mú bọ̀ọ̀dá mi? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ lo sún apá gígùn náà?"

"Èmi? Rárá o. Nígbà tí mo rí bí ọkọ̀ ṣe gbéra, mo ní bọ̀ọ̀dá mi ti gbà fún mi nìyẹn, wọn ò kàn sọ fún mi ni. Inú mi dùn, Mà. Mo ń pariwo orúkọ wọn nínú akoto."

Màdáámù dá fóònù padà sápò. Ẹ̀gbọ́n rò pé àbúrò ni, àbúrò rò pé ẹ̀gbọ́n ni. Ta ló wá kù?

Iwájú ọkọ̀ náà ti run wómúwómú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Wọ́n ti gbé e sókè. Màdáámù tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Páìpù bíréèkì kò já, ìkankan nínú wọn kò tilẹ̀ tú.

"Òróró tó wà nílẹ̀ wọn wá jẹ́ ti kí ni?" Kọ́púrù bèèrè, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ti ẹni tó ń pààrọ̀ òróró bíréèkì fún ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Tan tọ́ọ̀ṣì tìrẹ sí iwájú níbẹ̀."

Apá gígùn náà rèé, irin tó nípọn, ó ti ara ásù wá síwájú. Bóòtù rẹ̀ wà nínú ihò ẹ̀yìn. Ihò iwájú ṣófo, etí rẹ̀ sì mọ́ rekete níbi tí bóòtù ti wà tẹ́lẹ̀.

"Ó tán!" Kọ́púrù pàtẹ́wọ́ lábẹ́ ọkọ̀. "Ẹnì kan sún un kó lè pa á."

"Ẹni tó fẹ́ pa á? Wò ó dáadáa. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí ọmọkùnrin yẹn dè lábẹ́ ọkọ̀ yìí, irú èyí tó ní òrùka rọ́bà nínú ni, tó ń há ara rẹ̀. Bí wọ́n bá tú irú rẹ̀, kì í há bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tuntun ni wọ́n fi ń dì í. Ẹni tó tú eléyìí kò ní tuntun lọ́wọ́, kò sì fọkàn tán ògbólógbòó. Kí ló wá ṣe?"

"Ó… ó fi wáyà dè é."

"Ó fi wáyà dè é kó má baà tú. Kọ́púrù, ta ló ń fẹ́ kí ọkọ̀ pa èèyàn tó tún ń de bóòtù rẹ̀ kó má tú?"

Màdáámù ti gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ wáyà náà. Wọ́n lọ́ ọ pọ̀ fínnífínní bí irun dídì, wọ́n sì ká orí rẹ̀ wọnú kó má baà gún ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ yìí kan náà ló ti rí ìkejì rẹ̀, ó tilẹ̀ ti yìn ín.

Ó rántí fọ́tò ara ògiri: ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó lọ tààrà títí ojú kò fi tó o mọ́.

"Lọ gbé Bàbá Tẹ̀lé-mi wá," ó wí látabẹ́ ọkọ̀. "Má fi ipá gbé e. Kí o sì bá mi mú ọmọ rẹ̀ jáde."

*

Bàbá náà kọ̀ láti wo ìhà ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Ó dúró ti ọkọ̀ fífọ́ náà, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó ń tu ọmọdé nínú.

"Bàbá, ẹ yọ awò yín fún mi."

Ó yọ ọ́. Màdáámù gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kan, ó sì gbé wáyà tó ti fi ẹ̀mú gé kúrò lábẹ́ ọkọ̀ sí ìkejì. Kọ́púrù nìkan kọ́ ló rí i. Ọmọkùnrin gíga náà rí i pẹ̀lú, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ẹ ní ẹ ò lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú kòtò, ìdúró ni èèyàn ń wà. Ọmọ yín ga, bó bá wọ inú kòtò yẹn, ṣe ló máa tẹ̀ ba. Ta ló gun àpótí níbẹ̀ ní ìdájí àná?"

"Èmi ni," bàbá náà wí láìtijú. "Ìyẹn lẹ fi ránṣẹ́ pè mí? Mo rò pé ọ̀rọ̀ bíréèkì là ń sọ! Ẹ ní ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀, mo ní ọmọ yìí, torí òun ló bà á jẹ́. Ohun tí èmi ṣe, ìrànlọ́wọ́ ni. Wọ́n ń fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìlà. Ọmọ Tẹ̀lé-mi! Ó ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó ké apá náà kúrú, onítọ̀hún kọ̀ torí ìlara. Mo bá dìde, mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é fún tèmi. Ẹ bi ẹni tó bá wà ní pápá láàárọ̀ àná. Ṣé ọmọ mi ò gbéra ni?"

"Ó gbéra," Màdáámù wí. "Kò sí ẹni tó gbéra tó o. Nígbà tí ẹ̀yin ń sáré, Bàbá, báwo lẹ ṣe máa ń dúró?"

"Dúró? Bí a bá ti kọjá ìlà, ta ló ń bẹ̀rù àtidúró? Ọ̀nà ṣì pọ̀ níwájú. A ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ títí á fi rẹ̀ ẹ́…"

Ojú rẹ̀ bọ́ sára iwájú ọkọ̀ tó run náà.

Ọmọkùnrin náà ló sún mọ́ bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ ní ìkúùkù, ó na apá, ó sì rọra yí ìkúùkù náà síwájú, kí imú rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Bàbá náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé ọkọ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ìkúùkù náà. Ó wo táyà ẹ̀yìn.

"O máa rí i ní kọ́nà," ó wí. "Ohun tí ò ń sọ fún un nìyẹn?"

"Ohun tí mò ń sọ fún un nìyẹn, Bàbá."

"Èmi sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá síbí. Mo ní kí wọ́n mú ọ."

Ó kọjú sí Kọ́púrù, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde, ọwọ́ kúkúrú tó kún fún àpá sípánà. "Ọwọ́ tí mo ní kí ẹ dè nìyí."

Kọ́púrù wo Màdáámù. Ara rẹ̀ kò yá gágá mọ́, ó tilẹ̀ ti fi ọwọ́ bo ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nídìí rẹ̀ bí ohun ìtìjú.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín sísàlẹ̀, Bàbá," Màdáámù wí. "Màá sọ ohun tó fà á fún Ọ̀gá Pátápátá, wọ́n sì lè ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ lórí àìbìkítà. Ìyẹn di ọ̀la. Ọmọ yín ti kúrò ní àtìmọ́lé. Ṣùgbọ́n Àṣá wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ yẹn, ó ń rò pé ẹ̀gbọ́n òun ló fún òun ní ohun tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún, àti pé ẹ̀bẹ̀ òun ló ṣẹ́ òun lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ní láti sọ fún un."

"Èmi kọ́," bàbá náà wí. "Ẹ bá mi sọ ọ́, Màdáámù. Mi ò lè wo ojú ọmọ yẹn."

Ọmọkùnrin gíga náà gba awò lọ́wọ́ Màdáámù. Ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ẹ̀gbẹ́ kan, ìkejì. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ba bí ìgbà tó ń gba ẹnu ọ̀nà àtìmọ́lé jáde, ó fi awò náà sójú bàbá rẹ̀, ó sì fi wáyà kọ́ ọ létí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ máa wo ojú rẹ̀, Bàbá," ó wí. "Èmi ni màá wa mọ́tò dé ilé ìwòsàn. Màá rọra tẹ bíréèkì."